Mọ́tò Tí Akínfẹ́nwá Fẹ́ Gbé Relé

Ẹ̀yin ará ìdálẹ̀, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kẹ́ ẹ wá sọ pé ó ti yé yín. Ẹ kà á tán, kẹ́ ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ìyá rẹ̀ ṣì wà láàyè.

1.
Ọmọ Ìdànrè ni Akínfẹ́nwá, akọ̀wé sì ni ní èbúté Port Harcourt. Ibiere, ọmọ Kàlàbárì, ni ìyàwó rẹ̀. Ọmọ méjì ni wọ́n bí: Rẹ̀mí, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àti Boma, ọmọ ọdún mẹ́fà. Inú àgbàlá kan náà la jọ ń gbé ní Borokiri, èmi tí mò ń kọ èyí.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1970, ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, ọ̀nà ṣẹ̀ṣẹ̀ là, lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ ìyá Akínfẹ́nwá. Tíṣà kan ló bá màmá kọ ọ́. Ó ní kí wọ́n kó àwọn ọmọ wá lo họlidé oṣù kẹjọ lọ́dọ̀ òun, nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró díẹ̀ tí àpáta sì gbẹ. Ó ní orí òkè lòun bí Akínfẹ́nwá sí, ẹ̀yìn òun ló sì wà lọ́jọ́ tí àwọn kó sọ̀kalẹ̀ wá tẹ ìlú tuntun dó. Òun fẹ́ fi ilé náà han àwọn ọmọ kí orúnkún òun tó kọ̀, torí àwọn ẹgbẹ́ òun tó mọ ibẹ̀ ti kú tán.

2.
Ibiere ló ṣètò ìrìnàjò náà. Ha, obìnrin yẹn mọ ètò í ṣe! Lọ́rì ni wọ́n máa wọ̀ dé Onitsha, wọ́n á wọkọ̀ ojú omi sọdá Odò Ọya torí ogun ti ba afárá ibẹ̀ jẹ́, wọ́n á wọ bọ́ọ̀sì dé Benin, wọ́n á sùn lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ kejì, Ìdànrè. Gààrí àti àkàrà ni wọ́n máa jẹ lójú ọ̀nà. Ẹja tí Ibiere bá fọwọ́ ara rẹ̀ yan ni ẹ̀bùn ilé. Ọ̀dọ̀ màmá ni wọ́n máa sùn, òkè kì í sì í gbowó lọ́wọ́ ẹni tó bá ń gùn ún.

Àwọn ọmọ náà ò rí òkè rí láyé wọn. Rẹ̀mí ń bi gbogbo ará àgbàlá bóyá òkè ga ju kéréènì èbúté lọ. Boma ń gun àwọn àpò iyanrìn tí sójà fi sílẹ̀ lójú pópó, ó ní òun ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun òkè. Òórùn ẹja yíyan gba gbogbo ilé. Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn ẹja yíyan, oṣù keje ọdún náà ni ọkàn mi máa ń sá padà sí. Inú wa dùn, àfi bí ẹni pé gbogbo wa la jọ ń lọ.

3.
Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n gbéra ni Ọládipọ̀, ará ìlú wọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Trans-Amadi, àdúgbò àwọn iléeṣẹ́ ní Port Harcourt, yà kí wọn. Ó ròyìn bí òun ṣe gbé mọ́tò wọ Ìdànrè lọ́dún Àjíǹde, tí gbogbo àdúgbò yọ wò. Bó ṣe lọ tán, ojú Akínfẹ́nwá yí padà. Ó ní òun ò lè sọ̀kalẹ̀ nínú lọ́rì pẹ̀lú àpò ẹja lọ́wọ́. Ó di ìgbà tóun bá ra mọ́tò.

“Papa Rẹ̀mí,” Ibiere ní, “Mama no ask for motor. Ẹ̀yin àti àwọn ọmọ ni wọ́n ní kó wá.”

“O ò mọ ìlú wa. Wọ́n á ní ogun ti jẹ mí tán.”

“Ogun jẹ gbogbo èèyàn. Mama dey wait.”

“Òkè ò ní sá lọ. Kérésì là ń lọ.”

Òótọ́ ló sọ, òkè kì í sá lọ. Kò tiẹ̀ kọ̀wé sí màmá pé àwọn ò ní í wá mọ́, torí ó fẹ́ kí mọ́tò bá a lójijì. Gbogbo àgbàlá la jọ jẹ ẹja náà tán. Boma nìkan ni kò jẹ níbẹ̀. Ó fi bébà wé ẹyọ kan, ó ní kí ìyá òun bá òun fi há òkè ààrò, pé ti Màmá Òkè ni.

4.
Oṣù kẹwàá ni mọ́tò dé, àlòkù aláwọ̀ ewé. Àràárọ̀ ni Akínfẹ́nwá ń fọ̀ ọ́. Ní oṣù kọkànlá, wáyà dé pé màmá ti kú.

Mọ́tò náà ló gbé wọn lọ sìnkú, gbogbo àdúgbò sì yọ wò lóòótọ́. Comfort, aládùúgbò màmá, ló sọ fún Akínfẹ́nwá pé ní oṣù kẹjọ, màmá nìkan gòkè lọ gbálẹ̀ ilé náà, kí ẹ̀gún má bàa gún àwọn ọmọ lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, tó ń yẹ ojú gbogbo ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ nínú lọ́rì wò.

Rẹ̀mí ló sọ ìyókù fún mi. Lọ́jọ́ kejì ìsìnkú, bàbá wọn kó wọn gòkè. Àwókù ilé pọ̀ níbẹ̀, koríko sì ti hù bo ibi gbogbo, àti ibi tí màmá gbá pàápàá. Boma tú bébà, ó mú ẹja rẹ̀ jáde.

“Papa, which one be Mama house? Make I put am for door.”

Akínfẹ́nwá na ọwọ́ sí ọ̀tún, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó na ọwọ́ sí òsì, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀. Ó jókòó sórí àpáta, ó sì sunkún lójú àwọn ọmọ rẹ̀.

Ìwọ tó o ń dúró de mọ́tò, tàbí ilé, tàbí ipò ńlá kó o tó relé, mú ẹja tó o ní lọ́wọ́ kó o gbéra. Ìyá ò wo ohun tó gbé ọ wá, ojú rẹ ló ń wá. Mo kìlọ̀ fún ọ torí mo jẹ nínú ẹja yẹn, kò sì tíì kúrò lọ́nà ọ̀fun mi. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: ọjọ́ a kú là ń dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè.