Ẹ Ka Nọ́ńbà Ológun Yín, Ọnọrébù

Ọnọrébù Adéníyì ń jábọ̀ fún ará àdúgbò lórí Fesibúùkù láti gbọ̀ngàn kan ní Ajah. Èmi ni mo di fóònù mú.

"A ti kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà. Eré bọ́ọ̀lù ń bọ̀ ní Sátidé. Lónìí, a ń yẹ́ àwọn ológun tó ti fẹ̀yìntì sí."

Ó fọwọ́ kan àmì ẹ̀yẹ tó ń dán láyà rẹ̀.

"Èmi náà ti ṣiṣẹ́ ológun rí. Ẹ tún dìbò fún mi!"

Àtẹ́wọ́ ń dún.

Mo ní, "Ọnọrébù, àwọn tó ń wò wá ń bèèrè nọ́ńbà ológun yín."

Sájẹ́ǹtì Dúró, ọ̀kan lára àwọn ológun àtijọ́ náà, bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyẹn ò le! Bí wọ́n bá jí ológun lójú oorun, á ka tiẹ̀ wérewéré. Ẹ jẹ́ ká gbọ́, ọ̀gá!"

Ọnọrébù ń làágùn. Ó yí àmì ẹ̀yẹ náà padà, ó ń ka nọ́ńbà tí wọ́n fín sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Dúró dìde fùú.

"Nọ́ńbà olóògbé Ọdúnjọ nìyẹn, tí o kó kátapílà lọ wó ilé rẹ̀! Òun ló ṣáájú tèmi!"

Mo sún fóònù mọ́ ojú Ọnọrébù.

Ká sòótọ́, kò sẹ́ni tó bèèrè nọ́ńbà kankan lórí Fesibúùkù; èmi ni mo fẹ́ kó kà á.

Bàbá mi ti kọ́ mi ní nọ́ńbà yẹn kí n tó mọ A, B, D.