Ihò Inú Àkẹtẹ̀ Wynona

Ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, nítorí ìsàlẹ̀ ni ọpẹ́ wà.

Àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà nìyí, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ara rẹ̀ kún un: Orval Stallcup, tó ṣe ọlọ́pàá ìgbèríko ní Oklahoma fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, Wynona, àkọ́bí rẹ̀, Royce, ọkọ Wynona, Coralee, àbúrò Wynona, àti ajá Orval tí etí rẹ̀ ti di. Kò sí ẹlòmíràn.

1.

Nọ́ọ̀sì ni Wynona. Ilé àwọn aláìsàn tó wà káàkiri inú pápá ló máa ń lọ, òun nìkan nínú ọkọ̀. Ní oṣù kẹta ọdún tí ọ̀ràn yìí ṣẹlẹ̀, ọkùnrin kan fi ọkọ̀ tẹ̀lé e fún ogún máìlì, ó sì dúró dè é níwájú ilé aláìsàn. Láti ọjọ́ náà, bí Wynona bá ti rí ọkọ̀ lẹ́yìn, á yà sí ẹ̀bá ọ̀nà títí ọkọ̀ náà yóò fi kọjá. Ó gba ìwé àṣẹ láti máa gbé ìbọn, Royce sì ra ìbọn ìléwọ́ kékeré kan fún un, irú èyí tí ikùn rẹ̀ ń yí, tó ń gba ọta márùn-ún, tó lè wọ àpò ẹ̀wù láìhàn síta.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ nípa Royce: ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá nídìí ìbọn. Ife méje ló ti gbà nínú ìdíje ìbọn, gbogbo ènìyàn sì ń pè é ní olùkọ́ ní ẹgbẹ́ àwọn ayìnbọn. Àmọ́ ìbọn ńlá, tó wúwo, ló fi gba ife méjèèje.

Orval ní òfin kan. Ẹni tó bá ń di ìbọn tuntun mú fún ìgbà àkọ́kọ́, ọta kan ṣoṣo ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi sí i. Royce ti gbọ́ òfin yìí fún ọdún mẹ́wàá. Kò béèrè ìdí rẹ̀ rí. Ó kàn ń rẹ́rìn-ín.

2.

Lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀ Sátidé kan, wọ́n lọ sí ẹ̀yìn abà koríko, níbi tí òkìtì amọ̀ wà tí wọ́n máa ń yìnbọn sí. Orval mú ìbọn ìléwọ́ onírin tirẹ̀ wá, ó ti gbó, ó sì wúwo. Ó ní kí ọmọ òun fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ọta tí kò le.

Royce gbé ìbọn kékeré náà sókè. “Bàbá, ẹ wò ó, kò wúwo tó búrẹ́dì kan. Kí ni èyí fẹ́ ṣe fún un?”

“Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn,” ni Orval wí. “Bí ọta bá jáde tí ìbọn sì ta padà, èyí tó wúwo máa ń gba ìyà náà sára. Èyí tó fúyẹ́, ọwọ́ ọmọ mi ló máa gbé e fún.”

Coralee ní kí Royce rọra, pé àwọn ife rẹ̀ ò ní sá kúrò lórí pẹpẹ. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún. Ohun tó ń fẹ́ ni kí Wynona ta márààrún sójú àmì, kí bàbá ìyàwó rẹ̀ lè pa ẹnu mọ́. Bí Orval ṣe yíjú láti so ajá mọ́lẹ̀, Royce ki ọta márùn-ún, èyí tó lágbára jù lọ nínú ọjà, bọ inú ìbọn kékeré náà, ó sì fi í lé Wynona lọ́wọ́.

Wynona dúró. Ó fẹ̀yìn sẹ́yìn, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ rọ̀. Royce rí i. Òun olùkọ́ rí i, kò sì sọ̀rọ̀, torí bí Orval bá yíjú padà bá a níbi tó ti ń tún ìdúró rẹ̀ ṣe, yóò dà bí ẹni pé òun kò kọ́ ọ dáadáa nílé.

Ìbọn dún. Ó fò sókè lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹja tútù. Wynona fún un mọ́ ọwọ́ kó má baà jábọ́, ìka rẹ̀ sì wà lórí irin tí wọ́n ń fà. Ìbọn tún dún, ẹnu rẹ̀ ti kọjú sókè báyìí, sẹ́bàá iwájú orí Wynona fúnra rẹ̀.

Àkẹtẹ̀ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀.

Wynona ṣì dúró. Ó ń mí. Orval rọra gba ìbọn náà, ó sì mú àkẹtẹ̀ nílẹ̀. Ihò wà ní etí àkẹtẹ̀ náà. Ó ki ìka bọ inú rẹ̀.

“Royce, mélòó lo fi sí i?”

“Márùn-ún, bàbá.”

“Mélòó ni mo ní kí o fi sí i?”

“Ọ̀kan,” ni Royce wí. Àkẹtẹ̀ ló ń wò.

3.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni Wynona fi sùn sílé bàbá rẹ̀. Royce fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ síwájú ẹgbẹ́, ó jẹ́wọ́, wọ́n sì gba kọ́kọ́rọ́ pápá ìyìnbọn ẹgbẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Títí ó fi kú, ẹnikẹ́ni kò pè é ní olùkọ́ mọ́. Ife méje ṣì wà lórí pẹpẹ, eruku bò wọ́n.

Àmọ́ ẹ gbọ́ ibi tí ọpẹ́ wà. Ní Sátidé keje, Royce wá bá Orval, ó ní kó kọ́ àwọn méjèèjì. Orval fi ìbọn onírin bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí Wynona di ìdí ìbọn mú lókè pátápátá, kó fún un ṣinṣin, kó tẹ̀ síwájú díẹ̀. Ó ní kó má bá ìbọn jà: yóò fò, kó jẹ́ kó fò, kó sì mú un padà sójú àmì. Wynona yọwọ́. Ó ní òun kò ní yìnbọn àfi bí Royce bá jẹ́ ẹni tí yóò máa fún òun ní ọta.

Royce ṣí ọwọ́. Ọta kan ló wà níbẹ̀.

Báyìí ni wọ́n ṣe é títí ìkórè fi dé, ọ̀kan, ọ̀kan, kí wọ́n tó padà sí ìbọn kékeré. Wynona kò yà sí ẹ̀bá ọ̀nà nítorí ọkọ̀ ẹ̀yìn mọ́. Ó fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì darúgbó, ó bí ọmọ mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ náà. Lọ́dọọdún, kí a tó fọwọ́ kan oúnjẹ ọjọ́ Ìdúpẹ́ tí wọ́n máa ń ṣe ní Amẹ́ríkà, àkẹtẹ̀ náà máa ń yí tábìlì ká, oníkálukú á ki ìka bọ ihò rẹ̀, á sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ ṣọ́ra fún ohun tí ẹ rò pé ó kéré, ẹ má sì jẹ́ kí ìtìjú dí yín lẹ́nu nígbà tí ẹ bá rí àṣìṣe. Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Maylene, ọmọ ọmọ mi, èmi Wynona fúnra mi ni mo kọ ìtàn yìí, ọ̀dọ̀ rẹ ni àkẹtẹ̀ mi wà báyìí. Lọ́jọ́ tí ìwọ náà bá fẹ́ kọ́ ẹnikẹ́ni, kọ́kọ́ jẹ́ kó ki ìka bọ ihò náà, lẹ́yìn náà kí o fún un ní ọta kan.