Lẹ́tà Tí A Fi Orúnkún Kọ

Inú ń bí Fọláṣàyọ̀, agbẹ̀bí ìlú, láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ní àwọn fẹ́ ti ilé ìgbẹ̀bí pa. Ó kọjú sí ẹ̀rọ ìkọ̀wé, ó ní kó bá òun kọ lẹ́tà sí Olóyè Awẹ́, alága ìgbìmọ̀ ìlú: "With all due respect..."

"Ẹ ò tíì kúnlẹ̀, mà," ni ẹ̀rọ wí, ó sì pa gbólóhùn náà rẹ́. Kò sí ẹ̀rọ ìkọ̀wé kankan nílùú tó ń kọ ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kò bá kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ ní tòótọ́.

"Orúnkún ń dùn mí, ìwọ irin lásánlàsàn yìí!"

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ lè fi 'I disagree' bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ò gba ìkúnlẹ̀."

Fọláṣàyọ̀ pòṣé, ó tẹ́ ìborùn sílẹ̀, ó kúnlẹ̀. Orí ìkúnlẹ̀ ló wà tí ìkúnlẹ̀ abiyamọ fi sọ sí i lọ́kàn. Ó pa gbogbo èébú tó ti tò sínú tì, ó wá ka orúkọ ọmọ mọ́kànlá tí wọ́n bí sí i lọ́wọ́ lọ́dún náà sínú lẹ́tà.

Kí oòrùn tó kan àtàrí, èsì Olóyè dé. Wọn ò ní ti ilé ìgbẹ̀bí mọ́. Àmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ èsì náà ló ya Fọláṣàyọ̀ lẹ́nu: "With all due respect."

"Baba ẹni ọgọ́rin ọdún yẹn? Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi?"

"Gbalaja, mà," ni ẹ̀rọ dáhùn.