Ẹ̀rín Ìyá Mojí

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́tà Mojírọ̀lá wọlé sórí fóònù ìyá rẹ̀ láti òṣùpá, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Bíi gbogbo lẹ́tà ayé ìsinsìnyí, títì ló wà. Ohùn ìyá rẹ̀ nìkan ló lè ṣí i. Ṣùgbọ́n àrùn rọpárọsẹ̀ ti yí ohùn ìyá padà.

"Èmi nìyí," ni ìyá wí, ọ̀rọ̀ ń wọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ má bínú, mi ò dá ohùn yìí mọ̀," ni fóònù fèsì.

Omi lé ròrò sójú ìyá. Ọkọ rẹ̀ jókòó tì í.

"Ìyá Mojí, ṣé o rántí ọjọ́ tí mo wá tọrọ rẹ, tí àgbò bàbá rẹ lé mi gun igi ìbẹ́pẹ?"

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. Àìsàn ò rí ẹ̀rín náà mú lọ.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá," ni fóònù wí. Lẹ́tà ṣí.

Bàbá fẹ́ dìde kí ìyàwó rẹ̀ lè dá kà á, ṣùgbọ́n ìyá fà á láṣọ.

"Bàbá Mojí, ẹ jókòó." Ó kà á sókè díẹ̀díẹ̀: "Màmi, mo ti lóyún. Ilé ni mò ń bọ̀ wá bí i sí."

"Ṣé kí n bá ọ fèsì?"

"Rárá o. Ohùn tí mo ní báyìí lọmọ náà máa bá. Kí fóònù yáa tètè kọ́ ọ."