Àkùkọ Tó Ń Jẹ Òkúta

Àlọ́ mi já gbì, ó bá àkùkọ kékeré kan níbi tó ti ń wo Tòlótòló lórí fóònù. Àràárọ̀ ni Tòlótòló ń wú àyà níbẹ̀. Àkùkọ wo àyà tirẹ̀, ojú tì í, ló bá ń gbé òkúta mì kí àyà náà lè yọ.

"Ọmọ mi, jẹ àgbàdo," ni ìyá rẹ̀ wí.

Orin ló fi dá a lóhùn:

Àyà mi á tó ti Tòlótòló,
*Gbìrìgbìrì!*
Òkúta ni mo ń jẹ,
*Gbìrìgbìrì!*

Òjò dé. Tòlótòló orí fóònù yẹn gan-an sáré kọjá níwájú ilé wọn, ìyẹ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára, ó tín-ín-rín bí ẹyọ ọwọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, àyà yín dà?"

"Ìyẹ́ lásán ni. Ta ló ní kí o jẹ òkúta?"

Àgbàrá dé. Àkùkọ fẹ́ fò, òkúta kò jẹ́. Ìyá rẹ̀ ló fi ẹnu wọ́ ọ jáde, tó ń kùn pé, "Àgbàdo ni mo ní kí o jẹ."

Ibẹ̀ ni mo bá àlọ́ mi dé. Ẹ̀yin ọmọkùnrin, ẹ gbé fóònù sílẹ̀, ẹ wá jẹun.