Sàréè Ẹkúndayọ̀

"Ẹ rọra gbẹ́sẹ̀, Màmá. A ti dé bárékè wa àtijọ́ ní Làìbéríà."

Irọ́ ni sójà tó ti fẹ̀yìntì náà ń pa. Àgbàlá ilé iṣẹ́ kan tó ti kógbá wọlé nítòsí Agége ni wọ́n wà. Láti àná ló ti ń fi mọ́tò gbé ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ yípo, nítorí Màmá, tí ojú wọn ti fọ́, ní àwọn ò ní kú láìfọwọ́ kan sàréè Ẹkúndayọ̀, ọmọ wọn kan ṣoṣo tó bógun lọ níbẹ̀.

"Màmá, ìyá kì í wo sàréè ọmọ o."

"Ojú wo ni mo fẹ́ fi wò ó? Ibo lẹ sin ín sí?"

Ó fi ọwọ́ wọn kan òkìtì iyanrìn kan. Màmá kúnlẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ pa á lórí bí ẹni ń rẹ ọmọ.

"Dayọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ ní àwọn onígbafẹ́ ń wá ya fọ́tò níbí. Má bínú pé mi ò tètè wá."

Atẹ́gùn fẹ́. Òórùn búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò kún gbogbo àgbàlá. Ọwọ́ Màmá dúró.

"Sójà, búrẹ́dì Agége nìyẹn."

Sójà fà sẹ́yìn.

"Ká ní sàréè wà lọ́hùn-ún ni, ò bá ti pọ̀n mí débẹ̀."

Ó wólẹ̀, ó bú sẹ́kún. "A wá a, Màmá. A ò rí nǹkan kan sin."

Màmá tọwọ́ bọ àpò wọn. Yunifọ́ọ̀mù tí Ẹkúndayọ̀ wọ ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fà yọ. Wọ́n ti fi aṣọ funfun dì í láti ilé.

"Gbẹ́lẹ̀, ọmọ mi."