Àdúrà Lókè Ìkẹ́rẹ́

“Àwọn aago tó ń sọ bí bàálù ṣe ń lọ yìí nìkan ni kí o máa wò,” ni ọ̀gá tó ń kọ́ ọ wí. “Ohunkóhun tí ara rẹ bá ń sọ fún ọ, má dá a lóhùn.”

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wa bàálù náà ní òun ti gbọ́. Ìbòjú tí wọ́n dé sí i lórí fún ìdánrawò náà kò jẹ́ kó rí ìta rárá, àwọn aago nìkan ló ń rí. Ó ń ṣe é bíi pé bàálù ń dà sí òsì, bẹ́ẹ̀ aago ní ó dúró gbọnrangandan. Òógùn bò ó. Ó rántí ohun tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ láti kékeré, pé bí ẹ̀rù bá bà á, kó dijú, kó gbàdúrà.

Ó dijú.

“Ṣé ò ń wò wọ́n?”

“Mò ń wò wọ́n, sà.”

Lójijì ni ọ̀gá já ìdarí gbà, ó fa bàálù sókè, ó sì ṣí ìbòjú náà. Àpáta Olósùnta ló kún ojú fèrèsé.

“Àdúrà ni mò ń gbà, sà.”



Pápá ṣọ́ọ̀ṣì wọn ló wà nísàlẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ lẹ́tà sílé pé àárọ̀ Sátidé lòun máa kọjá. Gbogbo ìjọ ti pé síbẹ̀, wọ́n tẹrí ba, wọ́n ń gbàdúrà fún un. Ó dúpẹ́ nínú ara rẹ̀ pé kò sẹ́ni tó rí òun.

Ìgbà náà ló rí gèlè pupa tó rà fún ìyá rẹ̀ nígbà Kérésì. Ìyá rẹ̀ nìkan ni kò tẹrí ba. Ó gbójú sókè, ó káwọ́ lérí.